Wákàtí Mẹ́sàn-án Ìyá Múínátù

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé, kí á tó bi arìnrìn-àjò pé ibo ló yà sí, ká kọ́kọ́ bi oòrùn? Ẹ ò mọ̀. Ẹ kàn ń pa á lówe kiri ni. Awakọ̀ ni mí, ìṣojú mi ló ṣe.

Bàbá Múínátù ni akọ̀wé gáréèjì wa n'Íṣẹ́yìn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń kọ aago tí mọ́tò jáde àti aago tó wọlé. Bí o bá fi wákàtí mẹ́ta lọ, tó o fi márùn-ún bọ̀, o ti yà níbì kan nìyẹn, wàá sì rí màbo. Ọkùnrin náà fura jù!

Ìyàwó rẹ̀ wá lọ bá Múínátù ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun ní Niu Yọ́ọ̀kì. Ọjọ́ tó dé, ọkọ ò kí i kú àbọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aago méjìlá ọ̀sán lo gbéra l'Ékòó, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lo dé ọ̀hún. Wákàtí mẹ́fà. Nígbà tí ò ń bọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ lo gbéra, aago kan ọ̀sán lo dé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Wákàtí mẹ́sàn-án ló lé. Ta lo yà kí?"

"Lójú sánmà, Bàbá Múínátù? Ilé ta ló wà níbẹ̀?"

"Ìyẹn gan-an ni mo ń bi ẹ́!"

Kò mọ níwọ̀n, ó tún wá rò ó fún wa ní gáréèjì. Obìnrin gbé ẹrù tí kò tíì tú, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó ní àfi tí ọkọ òun bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi, òun ò padà mọ́. Láàárín oṣù kan, Bàbá ti rù kan eegun. Àánú rẹ̀ ṣe wá díẹ̀.

Múínátù gbọ́, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́: "Bàbá mi, ẹ wá fojú ara yín rí i."

Bàbá wọ bàálù tòun ti aago ọwọ́ rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà pé, òkun ló ṣì wà nísàlẹ̀. Ló bá dìde fùú: "Dẹ́rẹ́bà! O ti yà! Ẹ̀yin èrò, ẹ jẹ́rìí mi!" Èèyàn méjì ló fà á jókòó, tí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Wákàtí márùn-ún gbáko ló tún fi ń kùn. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, aago ọwọ́ rẹ̀ ti lu mọ́kànlá alẹ́, oòrùn sì ń ràn yòò.

"Múínátù, kí ló ń ṣe oòrùn yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá mi. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la wà níbí. Wákàtí márùn-ún ni aago ilé fi ṣáájú tiwa, aago ibi tí ọkọ̀ bá wà ni wọ́n sì ń kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì. Mọ́kànlá ni ìyá mi fi wá, mẹ́wàá ni wọ́n fi padà."

Bàbá ṣírò, ó tún un ṣírò. Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Mo ti ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́."

Bó ṣe padà dé, ilé àna rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyàwó ní, "Ṣé níbí lẹ ti bà mí jẹ́ ni? Ẹ lọ sọ ọ́ ní gáréèjì."

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe gun orí bẹ́ǹṣì níwájú gbogbo wa. Ó ní òun jẹ̀bi, kò sẹ́ni tí ìyàwó òun yà kí, oòrùn lòun ò bi. Àtẹ́wọ́ wa ò mọ ní kékeré, Ìyá Múínátù sì bá a lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi náà yà lọ jẹ iyán, mo fi wákàtí méjì pẹ́. Bàbá gbé bírò, ó la ẹnu. Mo yára dá a lóhùn: "Àgbà, ẹ rọra o. Kí á tó bi arìnrìn-àjò pé ibo ló yà sí, ká kọ́kọ́ bi oòrùn!"