Pátákó Kúlúsúmù Ọlọ́ṣẹ

Èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló tò síwájú ṣọ́ọ̀bù Kúlúsúmù láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn. Ọṣẹ mẹ́sàn-án ni Kúlúsúmù ní.

Kì í ṣe páálí mẹ́sàn-án o. Ẹyọ mẹ́sàn-án.

Ewúrẹ́ sì ti gé ọ̀kan jẹ nínú rẹ̀.

Ọdún tí àwọn sójà gbàjọba nìyẹn, tí a ń wá ọṣẹ bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀ lójú ọ̀run. Ẹni tó bá rí ṣúgà rà, inú ìkòkò ló ń dé e mọ́ kí àlejò má baà fojú kàn án. Ìjọba ní kí gbogbo èèyàn máa tò sórí ìlà. Àwa ará Ẹdẹ sì gbọ́ràn débi pé a ò bèèrè ohun tí wọ́n ń tà mọ́. Bí ẹni méjì bá ti dúró sẹ́yìn ara wọn báyìí, ẹnì kẹta ti dé. Bàbá kan tò láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ìgbà tó dé iwájú ló rí i pé abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń gún. Ó ní kí wọ́n kúkú gún òun, òun ò lè tò lásán.

Kúlúsúmù ìyá Àwáwù yìí, opó ni. Kẹ̀kẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló tà, tó fi ra páálí ọṣẹ méjì, tó sì gba ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Sẹ̀kọ̀nà. Bí ṣọ́ọ̀bù yẹn bá kú, kò sí òmíràn. Oko àwọn àna rẹ̀ ló ń padà sí nìyẹn, yóò máa bó ẹ̀gẹ́ títí èékánná rẹ̀ yóò fi tán lọ́wọ́.

Kó má baà rí bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, Tíṣà Olúmúyìwá tó ń kọ́ wọn sọ fún wọn pé oníṣòwò tí kò mọ ibi tí òun ń lọ lọ́dún tuntun, bí ẹni tó wọ ọkọ̀ láìbèèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ ló rí. Ó ní kí kálukú kọ ohun tó fẹ́ kí ọwọ́ òun tó kí ọdún tó parí, kó fi nọ́ńbà sí i, kó sì gbé e síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa rí i lójoojúmọ́. Kí ọwọ́ wọn má baà tún le, ó ní kí wọ́n máa kọ gbólóhùn kan tàbí méjì lójúmọ́ nípa òwò wọn.

Àwọn yòókù kọ tiwọn sínú ìwé. Kúlúsúmù rò ó. Ojú òun kì í sí nínú ìwé. Ṣọ́ọ̀bù òun gbóná bí ààrò, abẹ́ igi òdán òdìkejì títì lòun ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ara ògiri ṣọ́ọ̀bù lòun ń wò.

Ló bá gba pákó lọ́wọ́ káfíńtà, ó fi èédú kùn ún dúdú, ó sì kàn án mọ́ ara ògiri níta. Gbà, gbà, gbà.

Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sápá òsì pé:

OHUN TÍ MO FẸ́ LỌ́DÚN YÌÍ
1. Ọṣẹ, ogójì páálí.
2. Ṣúgà, àpò mẹ́wàá.
3. Mílíìkì alágolo, ogún páálí.
4. Kí ogún èèyàn máa ka pátákó mi lójúmọ́.
5. Ọkọ kan, tí kì í pariwo.

Ẹ má wò mí lójú. Tíṣà ní kí kálukú kọ ohun tó ń fẹ́, kò ní kí wọ́n kọ ohun tí Tíṣà ń fẹ́.

Apá ọ̀tún ló ń kọ ti ojoojúmọ́ sí. Ọjọ́ kìíní, ó kọ ọ́ pé: “Mo jí. Ọṣẹ wà.” Ọjọ́ kejì: “Ọyẹ́ mú. Ètè mi là. Ọṣẹ ń tán lọ.” Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ wá dùn: “Ewúrẹ́ Bùràímọ̀ jẹ ọṣẹ mi. Ó ń hó lẹ́nu. Ó tọ́ sí i.”

Bùràímọ̀ ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ewúrẹ́ yẹn ló kù tí wọ́n jọ ń gbé. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó rí i pé gbogbo ẹni tó bá ka pátákó ló ń wo ewúrẹ́ òun, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kà á fún òun. Ó gbéra fùú, ó di iwájú Kúlúsúmù.

“Ìyá Àwáwù, ẹ ti ba ewúrẹ́ mi lórúkọ jẹ́.”

“Ewúrẹ́ yín ló ba ọṣẹ mi jẹ́, Bàbá Ràṣídì.”

“Ẹ pa á rẹ́.”

Kúlúsúmù pa á rẹ́. Ó wá kọ òmíràn síbẹ̀: “Bùràímọ̀ ní kí n pa ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ rẹ́. Mo ti pa á rẹ́.”

Ọjọ́ yẹn ni àwọn òǹkàwé pé mọ́kànlá. Bùràímọ̀ wà lára wọn, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí wọ́n kà á fún òun.

Àfi bí ewúrẹ́ ṣe gba ẹ̀san fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé pátákó, ó na ọrùn gàgà, ó sì fi ahọ́n lá ṣọ́ọ̀kì orí rẹ̀ mọ́ féfé. “OHUN TÍ MO FẸ́ LỌ́DÚN YÌÍ” wọ inú ewúrẹ́ lọ.

Ó wá ku ogójì páálí ọṣẹ, àpò ṣúgà mẹ́wàá àti ogún páálí mílíìkì, lẹ́bàá títì, lójú gbogbo ayé.

Ọ̀gán náà ni táyà lọ́rì kan jò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Pọ̀ọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn èrò tó sọ̀ kalẹ̀ mọ ìwé kà, ó sì kà á sókè.

Nígbà tí Kúlúsúmù máa fi dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, mẹ́tàdínlógójì ti tò. Kó tó rí kọ́kọ́rọ́ nínú gèlè, wọ́n ti di ọgọ́ta. Wọ́n ń ya dé láti Sẹ̀kọ̀nà, yàà, pẹ̀lú garawa, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ti ọmọlanke wá.

Kúlúsúmù ní òun ò ní ọjà kankan. Wọ́n mi orí. Lásìkò yẹn, ẹni tó ní ọjà ń sọ pé òun ò ní, ẹni tí kò ní náà ń sọ pé òun ò ní. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ní òun ò ní, ó ní.

Ó rò pé kóun ta ìwọ̀nba tó wà kí wọ́n lè lọ. Ó gbé ẹyọ mẹ́jọ jáde, wọ́n rà á. Ó gbé èyí tí ewúrẹ́ gé jẹ jáde, obìnrin méjì fẹ́ jà sí i.

Àṣìṣe gbáà nìyẹn. Ọkàn àwọn tó kù wá balẹ̀ wẹ́lo pé ọṣẹ wà nínú ilé lóòótọ́.

“Ó ti tán,” ni Kúlúsúmù wí.

“Ìyá,” ni obìnrin kan dáhùn, ó jókòó sórí garawa rẹ̀, “mo ti bímọ sórí ìlà rí. Mi ò ní í torí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ sílé.”

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ọkọ̀ àwọn sójà fi dé. Gìrì, gìrì, gìrì, bàtà lu ilẹ̀. Sájẹ́ǹtì ló ṣáájú, ó gbé kóbókò há abíyá, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí àgbá òfìfo. Ó ka pátákó náà sókè láti orí dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé nọ́ńbà márùn-ún, ó tún un kà.

Ó wá bèèrè ibi tí obìnrin yìí kó ọjà ará ìlú pamọ́ sí. Wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ẹní kan ni wọ́n bá níbẹ̀, búùtà kan, àti ìwé ẹ̀kọ́ àgbà. Sájẹ́ǹtì ní bí wọn ò bá rí ọjà, òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa títí láé, olúwarẹ̀ yóò sì fò bí ọ̀pọ̀lọ́ dé bárékè. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ti yọ àgádágodo jáde.

Kúlúsúmù wo àgádágodo náà. Ó rí oko àna, ó rí òkìtì ẹ̀gẹ́. Ó bá wo ìlà náà lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá yóò rí aláàánú kan.

Nọ́ńbà kẹrìnlá. Tíṣà Olúmúyìwá, pẹ̀lú àpò lọ́wọ́.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ fún wọn.”

Tíṣà gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún dá a padà. Ó bẹ obìnrin ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó bá òun di àyè òun mú. Obìnrin náà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Tíṣà bá dúró sójú kan náà, ó ń ké bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn pé òun lòun kọ́ obìnrin yìí níwèé, pé ohun tó ń retí kí ọdún tó parí ló kọ, kì í ṣe ohun tó ní.

Sájẹ́ǹtì rìn lọ bá a.

“Ìwọ lo kọ́ ọ?”

“Èmi ni, sà.”

“O mọ̀ pé kò sí ọṣẹ níbẹ̀?”

“Ó yẹ kí n mọ̀, sà.”

“Kí lo wá ń ṣe lórí ìlà?”

Tíṣà wo ilẹ̀. Ó wo àpò ọwọ́ rẹ̀.

“Sà, ìrètí ni mò ń kọ́ wọn. Ọṣẹ ló tán nílé mi.”

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rín. Ẹni tó di àgádágodo mú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àgádágodo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbì, sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Sájẹ́ǹtì fẹ́ le ojú, ẹ̀rín ti yọ ní igun ẹnu. Ó ní kí wọ́n fi obìnrin náà sílẹ̀, kí ìlà túká. Kó tó wọ ọkọ̀, ó padà síbi pátákó.

“Nọ́ńbà márùn-ún yìí, òun náà ò tíì dé?”

“Kò tíì dé, sà.”

“Hùn,” ni Sájẹ́ǹtì wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kúlúsúmù ka orí àwọn èèyàn bí wọ́n ti ń túká. Ọgọ́fà lé mẹ́ta. Gbogbo wọn ló ti ka pátákó. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa igi gbọọrọ sórí nọ́ńbà kẹrin, ti ogún òǹkàwé. Oṣù kìíní ọdún ò tíì pé ìdajì.

Ó kọ ọ́ sápá ọ̀tún: “Sójà wá. Wọn ò bá nǹkan kan. Wọ́n fi àgádágodo sílẹ̀, mo ń lò ó.”

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan rọra rìn dé nínú bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ gbá-gbá-gbá. Ó gbé páálí ọṣẹ kan lé èjìká. Ó gbé e kalẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi òdán, kò sọ̀rọ̀. Kúlúsúmù wò ó dáadáa kó tó dá a mọ̀. Sájẹ́ǹtì ni, láìsí kóbókò.

Kúlúsúmù kí ọkùnrin náà. Ó mi orí. Kúlúsúmù bi í bóyá yóò mu omi. Ó mi orí. Ohùn bí àgbá àná dà? Ó ti gbé e mì. Ó ń fi hàn pé òun kì í pariwo.

Bùràímọ̀ ti rí gbogbo rẹ̀ láti ibi tó ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Ó wọlé. Ó wẹ̀, ó fi àdín para, ó wẹ ewúrẹ́ pàápàá, ó sì fà á lọ́wọ́ wá síwájú Kúlúsúmù.

“Bàbá Ràṣídì, n ò tíì ṣí páálí ọṣẹ o.”

“N ò wá ra nǹkan, Ìyá Àwáwù. Wọ́n ti ka nọ́ńbà márùn-ún fún mi.” Ó tún fìlà rẹ̀ dé. “Mo wá kó ọjà wá ni.”

Kúlúsúmù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo ewúrẹ́. Ó wá fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ka sí bẹ́ǹṣì.

“Ẹ tò sẹ́yìn Sájẹ́ǹtì.”

Bùràímọ̀ tò. Ewúrẹ́ tò sẹ́yìn Bùràímọ̀. Kó tó di ọ̀sán, èèyàn méje ti tò sẹ́yìn ewúrẹ́, obìnrin ni mẹ́rin nínú wọn, kò sì sí ẹni tó bèèrè ohun tí wọ́n ń tà.