Ìparí Eré Ọdẹ Aláta

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu? Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ ó ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Irọ́ ni. Gbọ̀ngàn ìlú wa ní Òde-Òmu ni wọ́n ti pa á, ó ṣojú mi kòrókòró, inú sì ń bí mi di òní.

Eré kan wà lórí rédíò nígbà kan tí wọ́n ń pè ní Ọdẹ Aláta. Akínlùyí ọdẹ ló ń wá ìyàwó rẹ̀ kiri, kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ gidi kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rún ata wẹẹrẹ. Lọ́jọ́ kan, ó kan ilẹ̀kùn ilé kan, ẹnìkan sì dáhùn nínú ilé pé, “Ta nìyẹn?” Ibẹ̀ ni wọ́n pa eré náà tì. Fún odidi ọdún mọ́kànlá, n kò mọ ẹni tó dáhùn. Mo sin ìyá mi láàárín àwọn ọdún náà, òun náà kò mọ̀ ọ́n kó tó kú.

Nígbà tó yá, àwa tí a fẹ́ràn eré náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a pe àpéjọ, wọ́n sì fi mí ṣe alága. Màmá Oyèbísí tó kọ eré ọ̀hún gbà láti wá ka ìparí rẹ̀ fún wa. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n, ojú ewé méjì ni wọ́n sì fi yíǹkì kọ ọ́ sí. Àwọn èèyàn ti Iléṣà àti Ìlọrin wá, gbogbo wọn múra bí Akínlùyí, wọ́n dé fìlà ọdẹ, wọ́n gbé àpò kọ́ èjìká, ata sì wà lẹ́nu wọn.

Ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́. Mo ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe òǹwòran lọ́jọ́ náà. Kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ọdẹ, kò gbọdọ̀ rún ata. Kí kálukú yẹ ohun èlò rẹ̀ wò kí àlejò tó dé. Wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹnu lásán ni.

Màmá jókòó, wọ́n tú ìwé wọn. Ẹni tó ń mójú tó iná wá tan fáànù òkè orí wọn. Ó ti tó ọdún kan tí ẹnikẹ́ni ti tan fáànù yẹn gbẹ̀yìn, kò sì nù ún. Gbogbo eruku ọdún náà dà sójú Màmá.

Mo pe Múfútáù, òun la fi ṣe alábòójútó àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Ó sáré dé, ó di orí Màmá mú tìfẹ́tìfẹ́, ó sì fẹ́ wọn lójú. Ata mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Alápótí ìtọ́jú ni mo ń sọ o. Màmá figbe ta. Mo ní kí Adéyọọlá, tó ń bójú tó omi, bu omi wá kíákíá. Abọ́ tí wọ́n fi fọ ata àwọn èrò ló gbé, kò tilẹ̀ da omi inú rẹ̀ nù. Ìyẹn la fi bọ́ ojú àgbàlagbà.

Màmá ò ríran mọ́. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n mú ohun tó wà nítòsí, wọ́n fi nu ojú wọn dáadáa. Ìparí eré ni. Nígbà tí mo máa fi gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ti di ẹ̀kọ aláwọ̀ búlúù.

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ọ́ látorí.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni Màmá wí, “bó bá wà lórí mi, ṣé mo máa kọ ọ́ sínú ìwé?”

Múfútáù tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò mọ̀gbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló dáhùn nínú ilé?”

Màmá kọjú sí i pẹ̀lú ojú pípọ́n méjèèjì. “Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú,” ni wọ́n wí, “ló fata sẹ́nu.” Wọ́n sì dìde, wọ́n bá tiwọn lọ.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ń nu omijé. Wọ́n rò pé ìparí eré nìyẹn.

Títí dòní, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Ìlọrin ní ìyàwó Akínlùyí ló dáhùn, òun sì ni aláta. Àwọn ará Iléṣà ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dalẹ̀ ni. Múfútáù ti tẹ ọ̀rọ̀ Màmá sára aṣọ, ó ń wọ̀ ọ́ níṣojú mi. Bí mo bá ní Múfútáù gan-an ni Màmá ń bá wí, wọ́n á ní mi ò gbọ́ eré náà yé. Èmi alága. Ẹ wá sọ òwe mìíràn tí mo lè pa fún irú wọn, yàtọ̀ sí pé ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu.