Bọ̀dá Onírù àti Ọkọ̀ Tó Lọ Lófìfo

Àrùn kan ń bá Bọ̀dá Onírù jà tí kò sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀: kò lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu èèyàn kó má tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ló máa ń dùn ún jù. Tí o bá ní ọkọ̀ ń rìn 'slow', á dá ọ dúró lójú títì, á bi ọ́ pé ìrù ọ̀rọ̀ náà dà? 'Slowly' ni. Torí 'ly' tó ń so mọ́ ọ̀rọ̀ kiri yìí la ṣe sọ ọ́ ní Onírù. Ó rò pé oyè ni.

Ibùdókọ̀ ojú irin ló ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá kékeré kan lókè ló ń jókòó sí, tó ń fi máìkì kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ. Wọn ò tíì gbà á síṣẹ́ pátápátá o. Wọ́n ṣì ń dán an wò ni, ọjọ́ tí mò ń sọ yìí gan-an sì ni ọ̀gá ibùdókọ̀ fẹ́ pinnu bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti fi iṣẹ́ náà yangàn ká gbogbo àdúgbò.

Èmi náà wà láàárín èrò ní pèpéle kìíní. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń sin ìyá ìyàwó rẹ̀ wọkọ̀. Màmá náà ti pẹ́ lálejò, ọ̀gá ló sì gbé báàgì rẹ̀, tayọ̀tayọ̀. Àṣé irin pèpéle wa ti bà jẹ́, ọkọ̀ ti gba pèpéle kejì wọlé, lẹ́yìn ògiri tí a ò ti lè rí i. Iṣẹ́ Bọ̀dá Onírù kò ju kó ní ká sọdá.

Ó ti tan máìkì, ó ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, ni àǹtí tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bá sáré wọlé. A gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.

"Bọ̀dá, ẹ tètè sọ fún wọn. Tell them quick!"

"Kí lo wí?"

"Mo ní tell them quick."

"Quickly. Tó bá ju ti ẹlòmíì lọ, 'more quickly'. Tó bá ju ti gbogbo wọn lọ, 'most quickly'."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Má bẹ̀ mí, kọ́ ọ. 'Fast' ò nírù ní tiẹ̀ o. Tí o bá sì so ìrù mọ́ 'hard', ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kára ti di ẹni tí kì í fẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́."

Nísàlẹ̀, a rò pé ètò tuntun ni. Tíṣà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní irọ́ ni, ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn tó lèdè ti ń sọ 'go slow'. Obìnrin kan ní kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, a ti pín sí ẹgbẹ́ onírù àti ẹgbẹ́ aláìnírù, àwọn èèyàn ń na ìka síra wọn lójú. Fèrè dún lẹ́yìn ògiri. A ní ọkọ̀ ẹrù ni.

Nígbà tó yá, Bọ̀dá rántí wa: "Ẹ̀yin èrò, ẹ sọdá sí pèpéle kejì, quickly."

A ya lọ wuruwuru. Irin nìkan la bá níbẹ̀.

Màmá yẹn wo ọkọ ọmọ rẹ̀. "Ó dáa náà. Mo kúkú lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí i lọ́dọ̀ yín."

Ọ̀gá rọra gbé báàgì kalẹ̀, ó gun òkè lọ. Kò sẹ́ni tó rántí pa máìkì.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má lé mi. Ìyàwó mi ti sọ fún gbogbo ayé."

Àánú ṣe mí, ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n tíṣà yẹn ti fi ọwọ́ ká ẹnu bíi fèrè, ó ké sókè pé, "Bẹ̀ wọ́n dáadáa!"

Obìnrin tó ń bá a jà lẹ́ẹ̀kan gbè é: "Kíkankíkan!"

"Tọkàntọkàn!" ni gbogbo pèpéle fi parí rẹ̀.

Wọn ò lé e. Màmá ló bá a bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá kàn gbé e kúrò nídìí máìkì, ó fún un ní àsíá aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fì kí ọkọ̀ tó gbéra.

Mo kọjá níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Awakọ̀ yọ orí síta, ó ní, "Bọ̀dá, wave it quick!"

Onírù la ẹnu. Ó wo láúdísípíkà tó wà lórí òpó, ó pa ẹnu náà dé, ó sì fì í. Kò so ìrù kankan mọ́ ọn.