Ojú-Àṣá àti Ẹyẹ Onírù Pupa

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ojú-Àṣá. Òun náà ló fi oríkì tì í lẹ́yìn: Arẹ́yẹ-kẹ́yẹ-tó-ríra-rẹ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, kò ní dáhùn.

Òun ni alága ẹgbẹ́ wa tó ń wo ẹyẹ. Ẹgbẹ́ ti pinnu pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí onírù pupa, ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí létíkun wa, àwòrán onítọ̀hún la ó gbé kọ́ sí yàrá ìpàdé. Kíá, Ojú-Àṣá ra férémù. Ó kọ oríkì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó kó wa lọ sí ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ wọ inú òkun. Oòrùn ń yan wá bí àgbàdo. Síbẹ̀, alága wọ ìbọ̀wọ́.

"Àgbà kì í fi ọwọ́ lásán di awò mú," ó ní.

Ó tẹ ojú mọ́ awò awọ̀nàjíjìn ńlá rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì kígbe: "Ẹ wò ó! Lórí àpáta ọ̀hún!"

Lóòótọ́, ẹyẹ kan wà níbẹ̀, ìrù rẹ̀ pọ́n bí ata. A pàtẹ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn," nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa wí.

"Rárá o! Ojú ń tì í."

"Ṣùgbọ́n kò mira láti àárọ̀."

"Ọlọ́lá kì í yí ọrùn kiri. Ṣé ẹ ò rí èmi náà ni?"

Ẹyẹ òkun kan fò wá, ó bà lé onírù pupa lórí, ó sì ṣu sí i lójú. Onírù pupa kò ṣẹ́jú.

"Sùúrù ni baba ìwà," Ojú-Àṣá ní.

"Alága, sùúrù yìí ti ju ti ẹyẹ lọ o," télọ̀ kan nínú wa dáhùn.

Ojú-Àṣá mọ orúkọ gbogbo ẹyẹ. Ohun tó gbàgbé ni pé òkun máa ń kún. Omi gun àpáta díẹ̀díẹ̀, títí ìgbì kan fi gbé onírù pupa. Ó dojú dé. Pátákó tó fi ń dúró kọjú sí ọ̀run.

"Ó ń lúwẹ̀ẹ́ ni," Ojú-Àṣá ní. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ìgbì jù ú sórí iyanrìn, níbi tí ìyàwó alága ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúlà omi kalẹ̀. Obìnrin náà gbé e.

"Háà! Olówó orí mi, ẹyẹ igi orí tẹlifíṣọ̀n wa rèé! Àtàná ni mo ti ń wá a!" Ó fi etí aṣọ nù ún. Ọ̀dà yí aṣọ. "Ta ló wá kun ìdí rẹ̀ báyìí?"

Gbogbo wa ń wo ìbọ̀wọ́.

"Ooru mú o, Alága," nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ́n bí ata.

Férémù náà kò ṣòfò. Ó wà lára ògiri yàrá ìpàdé wa dòní. Àwòrán ẹyẹ igi tí a yà lórí àpáta ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìgbẹ́ lójú. A kò pa oríkì ìsàlẹ̀ rẹ̀ rẹ́.