Ìwé Tí Akàwétán Nìkan Ló Ti Kà

Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ọkọ̀ ojú sánmà, ìtàn iwin, ẹ̀rọ tó ń ronú àti ìlú abẹ́ òkun máa ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé-ìkàwé, kí oníkálukú wá sọ ìwé tó yẹ kí ẹlòmíràn kà. Ní aago mẹ́rin òní, wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò máa yan ìwé fún gbogbo ẹgbẹ́. Ipò yìí ni ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Akàwétán, ti ń dọdẹ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ló ti jókòó sórí àga iwájú. Aránṣọ, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì, ló kọ́kọ́ wọlé bá a.

ARÁNṢỌ: Ẹ káàsán, ọ̀gá.

AKÀWÉTÁN: Káàsán. Bó bá jẹ́ ṣòkòtò mi lo gbé wá, fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ìwé là ń sọ níbí.

ARÁNṢỌ: Ọ̀rọ̀ ìwé náà ló gbé mi wá, sà. Èyí tí ẹ ní kí n lọ kà lóṣù méjì sẹ́yìn.

AKÀWÉTÁN: Ìwé tí mo máa ń ní kéèyàn kà pọ̀. Kì í ṣe bíi ti Onígbàjámọ̀ tó gbé ìtàn ẹ̀rọ tó ń tọrọ ìsinmi wá síbí. Ìtàn ọmọdé! Èmi kì í ka ìtàn tí ẹ̀dá inú rẹ̀ kò bá ní tó orí mẹ́ta.

ARÁNṢỌ: Ṣé ẹ ka ti Onígbàjámọ̀ náà, sà?

AKÀWÉTÁN: Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èwo ni mo ní kí ìwọ kà?

ARÁNṢỌ: Àwọn Tó Ń Fọ Òṣùpá.

(Akàwétán gbójú sókè. Ká má tan ara wa jẹ: kò sí ìwé kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí Aránṣọ bi í níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé ìwé wo ló dùn jù nínú gbogbo èyí tó ti kà, ńṣe ni orí rẹ̀ ṣófo. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí aṣọ tí wọ́n sá, orúkọ náà sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun ti kà á.)

AKÀWÉTÁN: Háà. Ìyẹn. Ìwé ńlá ni. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú, o ò lè rí i.

ARÁNṢỌ: Mo ti kà á, sà.

AKÀWÉTÁN: O ti kí ni?

ARÁNṢỌ: Mo kà á tán.

(Akàwétán yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un lò. Obìnrin náà ṣì wà níbẹ̀.)

AKÀWÉTÁN: Aránṣọ, irọ́ kò dáa.

ARÁNṢỌ: Kò dáa rárá, sà. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ mi nìyẹn. Àbí kò sí ìwé bẹ́ẹ̀ ni?

AKÀWÉTÁN: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó wà! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, tá a bá ka ti àná mọ́ ọn.

ARÁNṢỌ: Mo dúpẹ́ o. Àyà mi ti fẹ́ já.

AKÀWÉTÁN: Ó dáa, sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ojúlówó lo kà.

ARÁNṢỌ: Àwọn obìnrin méje kan ló ń fi ọkọ̀ gòkè lọ fọ òṣùpá lóṣooṣù, torí èéfín ayé ti sọ ọ́ di dúdú. Ìgbà míì, wọ́n á fọ̀ ọ́ dé ìdajì, ọṣẹ á tán, ìdajì yẹn náà la máa ń rí nílẹ̀ níbí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fọ̀ ọ́ títí ara rẹ̀ fi bó. Wọ́n rí ilẹ̀kùn lábẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan sì ń kànkùn látinú.

(Akàwétán ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn láìmọ̀.)

AKÀWÉTÁN: Ta ni?

ARÁNṢỌ: Sà?

AKÀWÉTÁN: Ta ló ń kànkùn?

ARÁNṢỌ: Ṣebí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lẹ ti kà á, sà.

AKÀWÉTÁN: Mo mọ̀ ọ́n! Ìwọ ni mò ń dán wò.

ARÁNṢỌ: Ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín, ká wò ó bóyá ìwé kan náà la kà.

AKÀWÉTÁN: Ọba ni.

ARÁNṢỌ: Kò sí ọba nínú tèmi, sà.

AKÀWÉTÁN: Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ lèmi kà. Ọba wà ńbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ nígbà tó yá, nítorí àwọn òǹkàwé tí ọpọlọ wọn ò gbé e.

ARÁNṢỌ: Ọba. (Ó fa bírò yọ láti inú irun rẹ̀, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.) Irú ọba wo, sà?

AKÀWÉTÁN: Ọba tó... tó sùn lọ. Ó ti sùn fún ẹgbẹ̀rún ọdún, ariwo àwọn tó ń fọ òṣùpá ló jí i. Kí lo ń kọ?

ARÁNṢỌ: Ọ̀rọ̀ yín ni. Kì í ṣe ojoojúmọ́ lèèyàn ń pàdé ẹni tó ka ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́.

AKÀWÉTÁN: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé yìí mọ sáàárín èmi pẹ̀lú rẹ. Ó kọjá òye àwọn tó kù.

ARÁNṢỌ: Ó ti bọ́, sà. Mo ti kà á sétí Onígbàjámọ̀. Mo kà á sétí ìyá tó ń ta òdòdó. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní físíìsì ní kí n tún orí kẹta kà, ó bú sẹ́kún. Gbogbo wọn ló ní ẹni tó bá mọ ibi tí irú ìwé báyìí wà, òun ni kó máa yan ìwé fáwọn.

AKÀWÉTÁN: Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?

ARÁNṢỌ: Ọ̀rọ̀ ti parí, sà. Ìdìbò tọ̀sán yìí, a kàn fẹ́ fi najú ni.

(Kíá, Akàwétán ti dìde. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: ÀWỌN TÓ Ń FỌ ÒṢÙPÁ. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: Akàwétán ló yàn án. Àyè orúkọ òǹkọ̀wé ló fi sílẹ̀ lófo.)

ARÁNṢỌ: Òǹkọ̀wé ńkọ́?

AKÀWÉTÁN: Màá kọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀rẹ́ mi ni. Ọkùnrin gíga kan báyìí, ó pá lórí.

(Aránṣọ fọwọ́ pa irun rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.)

ARÁNṢỌ: Ẹ máa ń ríra?

AKÀWÉTÁN: Lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí náà ni. Mo sọ fún un lójúkojú pé ìparí ìwé rẹ̀ kò dáa tó.

ARÁNṢỌ: (Ojú rẹ̀ yí padà.) Kí ló burú ní ìparí rẹ̀?

AKÀWÉTÁN: Ó falẹ̀. Èèyàn á mọ̀ pé ó ti rẹ ẹni tó ń kọ ọ́.

ARÁNṢỌ: Ó ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Aṣọ ilé-ìwé ọgọ́ta ló rán lọ́sẹ̀ yẹn.

AKÀWÉTÁN: Ta ni?

ARÁNṢỌ: Ọkùnrin gíga tó pá lórí.

(Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò, ó fa ìwé ìkọ̀wé mẹ́rin jáde, tí wọ́n fi ẹ̀rọ rán ẹ̀yìn wọn pọ̀ pẹ̀lú òwú dúdú, ojú rírán náà sì gún régé. Ó gbé e síwájú Akàwétán. Orúkọ ìwé tó wà lójú pátákó ló wà lójú ìwé náà.)

AKÀWÉTÁN: Kí lèyí?

ARÁNṢỌ: Ìwé yín ni, sà. Mo wá a dé ilé-ìtàwé mẹ́ta. Ẹni tó ń tọ́jú ibí wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó ní kò sí. Mo ní àgbàlagbà bíi tiyín ò lè dúró láàárín ogún èèyàn kó parọ́, èmi ni mi ò mọ nǹkan í wá. Lọ́jọ́ tí mo bi yín yẹn, ẹ ní kí n lọ kà á, ṣùgbọ́n ó kọjá ẹni tó ń fi síìpù sí ṣòkòtò. Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, ọ̀gá. Ó dùn mí délé. Mo ní dandan ni kí n ka ìwé yìí. Nígbà tí mi ò rí i, mo kọ ọ́.

(Akàwétán ṣí ojú ìwé kìíní, ó kà á. Ó ṣí ìkejì, ó kà á, ó ṣí ìkẹta. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ka ìwé kọjá ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dún bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.)

AKÀWÉTÁN: Ẹ jókòó. Ẹ dákun, ẹ jókòó.

(Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, kò pe Aránṣọ ní "ẹ" rí. Ó ya òun alára lẹ́nu bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.)

AKÀWÉTÁN: Ta ló ń kànkùn náà?

ARÁNṢỌ: Ó wà lójú ìwé ọgọ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹfà yín nìyẹn á jẹ́.

AKÀWÉTÁN: Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá kọ orúkọ yín síbẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé mo parọ́. Tí mi ò bá kọ ọ́...

ARÁNṢỌ: Ẹ óò di ẹni tó ń yan ìwé fún wọn. Èmi náà óò máa fi síìpù mi sí ṣòkòtò lọ.

(Wọ́n ti ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Akàwétán wo ilẹ̀kùn, ó wo àga iwájú, ó wo ìwé náà. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ "Aránṣọ" sí àyè òǹkọ̀wé. Kò pa "Akàwétán ló yàn án" rẹ́ o. Irú wọn kì í ronú pìwà dà tán lọ́jọ́ kan.)

AKÀWÉTÁN: Mo ṣẹ̀ yín. Kí ni kí n wá fi bẹ̀ yín?

ARÁNṢỌ: Kò tó ẹ̀bẹ̀, sà. Ìwé míì tó dáa ni kẹ́ ẹ dárúkọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá èyí tó kúrú lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ tí mi ò tíì rán ti kún ṣọ́ọ̀bù.