Àwọn Olè Tíṣà Muthiani

Kí n tó mọ bí a ṣe ń so okùn bàtà ni mo ti mọ ìró bàtà Tíṣà Muthiani: kò, kò, kò, lórí òkúta ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wa ní ẹkùn Kitui, nílẹ̀ Kenya. Ó kan irin mọ́ gìgísẹ̀ bàtà kí ayé lè mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ń bọ̀. Bí kò bá sí ẹni tó gbọ́ ọ, á padà sẹ́yìn, á tún un rìn.

Muthiani, àjànàkú orí pátákó! Ọba Bírò Pupa! Lójú tirẹ̀, kò sí ẹni tó mọ àròkọ ọmọdé í máàkì bí òun. Ìlànà kan ṣoṣo ló sì ní. Ó kọ àròkọ kan nípa olè tó jálẹ̀kùn, ó kó ọ̀rọ̀ ńláńlá dà sí i, ó ní kí gbogbo kíláàsì kẹfà há a sórí.

"Ẹ̀yin òpè, ohun yòówù kí wọ́n ní kí ẹ kọ, ẹ ṣáà wá ọ̀nà kí olè fi dé. Ìrìn-àjò ni? Olè dá yín lọ́nà. Ọjọ́ ìbí ni? Olè wá jẹun."

Ẹni tó bá mú olè wọ inú àròkọ rẹ̀ á gba ogójì nínú ogójì. Kalekye, ọmọ kíláàsì náà kan, kọ nípa ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ tó bímọ nínú òjò, ó gba mọ́kànlá. Tíṣà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Níbo ni olè wà?"

Lọ́dún yẹn, wọ́n ń wá olórí fún gbogbo àwọn tó ń máàkì àròkọ ní àgbègbè wa. Tíṣà ti ń dáhùn ìkíni tí ẹnikẹ́ni kò tíì kí i. Màdáámù Mbithe, tó máa yan olórí náà, wá lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ díẹ̀ lójú wa. Kí wọ́n kọ bí ìyá wọn ṣe ń se muthokoi."

"Màdáámù, ẹ di àga yín mú!"

Wọ́n kọ ọ́. Mutua kọ́kọ́ dìde kà: "Ìyá mi da àgbàdo àti ẹ̀wà sínú ìkòkò. Lójijì, òǹrorò olè márùn-ún jálẹ̀kùn wọlé, tọ́ọ̀ṣì wọn ń kọ mànà bí ojú àmọ̀tẹ́kùn!"

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́, wọ́n sì káàánú ilé Mutua. Ó kan Mwikali. Àgbàdo, ẹ̀wà, olè márùn-ún, ojú àmọ̀tẹ́kùn. Nígbà tó fi máa kan Kioko, gbogbo ilé ló ń bá a kà á.

Ìyá Kioko fò dìde. "Ìwọ ọmọ yìí! Ìgbà wo ni ọkùnrin márùn-ún wọ ilé mi? Ṣé o fẹ́ kí bàbá ẹ lé mi jáde ni?"

"Tíṣà ló ní kí wọ́n máa wá, Màámi."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Màdáámù nu ojú. "Ṣé kò sí ọmọ kan níbí tí oúnjẹ ìyá ẹ̀ jinná?"

Kalekye dìde. "Ìyá mi kì í tètè bu iyọ̀ sí ẹ̀wà. Ó ní ẹ̀wà dà bíi bàbá mi: bí o bá tètè bá a sọ̀rọ̀, ṣe ló máa le."

Bàbá rẹ̀ fi fìlà bojú. Ẹ̀rín mìíràn ni wọ́n rín báyìí.

"Tíṣà, èló lẹ máa ń fún ọmọ yìí?"

"Mọ́kànlá, Màdáámù. Kì í... kì í ní olè nínú."

"Ẹ tètè wá olè fún un o!" ni bàbá kan ké láti ẹ̀yìn.

Màdáámù gbé báàgì rẹ̀. "Tíṣà, ẹ máa tọ́jú àwọn olè yín níbí. Àwọn ilé ìwé yòókù ní tiwọn."

Wọ́n jáde lọ jẹun lábẹ́ igi. Muthiani ṣẹ́kù nínú kíláàsì, ó ń to bẹ́ǹṣì mọ́ ògiri. Èyí tó kẹ́yìn gùn, ẹni méjì ló máa ń gbé e. Ó wo ẹnu ọ̀nà títí. Lẹ́yìn náà ó di ìpẹ̀kun rẹ̀ kan mú, ó sì wọ́ ọ nílẹ̀ dé ibi tó yẹ kó wà.