Ọjọ́ Tí Mo Fi Ìborùn Nu Fọ́dà Máàsì

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, ọjọ́ tí mo mú ààfáà dání lọ sí iléèwé àbúrò mi kò ní kúrò lọ́kàn mi. N ò kàwé, n ò lè pe ọdún náà bí àwọn akọ̀wé ṣe ń pè é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òmìnira ti dé, a ti jó ijó rẹ̀ tán, àsíá tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ iléèwé sì ti ń gbó.

Ràímì ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, ọ̀dọ̀ mi ní Bẹẹrẹ ló ń gbé. Ọṣẹ dúdú tí mò ń tà ní Ọjà'ba la fi ń ra yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó ti ka sẹ́kọ́ńdìrì dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń kà á dé, wọ́n tún ní kó dúró ka ìyókù, nítorí pé orí rẹ̀ pé. Kò sẹ́ni tó tíì kà á débẹ̀ nínú ilé wa. Bí mo bá ń rìn lójú ọ̀nà nígbà náà, ọrùn mi máa ń gùn ju ti àwọn yòókù lọ.

Bàbá Àgbà nìkan ni mò ń bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, olórí agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà. Ọjọ́ tí Ràímì wọ iléèwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ní Mọ̀lété ni Bàbá ti là á mọ́lẹ̀: "Kó lọ kàwé o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ó ti di onígbàgbọ́, ọjọ́ náà ló ń padà wá kọ́ṣẹ́ télọ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá Ràímì níbi tó ti ń fi ìka yàwòrán nínú afẹ́fẹ́: òkè, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún. Ẹnu rẹ̀ ń jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Mo bi í pé kí ló ń ṣe.

"Fọ́dà Máàsì ni, Àǹtí mi."

Etí tèmi gbọ́ Fádà, ó sì gbọ́ Máàsì. Ta ni kò mọ Fádà? Ta ni kò mọ Máàsì tí àwọn Fádà ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì?

"Láti ìgbà wo lo ti ń ṣe é?"

"Ó ti pẹ́. Ó le, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Àwa díẹ̀ ni wọ́n yàn."

Ilẹ̀ mọ́, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo rí i pé ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya àgbélébùú kún un, ńlá, kékeré. Mo mú kànrìnkàn àti ọṣẹ ọjà mi, mo fọ̀ ọ́ títí pákó fi ń dán. Nígbà tí Ràímì dé, ó dúró síwájú ilẹ̀kùn bí ẹni tí àgbò iléyá rẹ̀ já lọ.

"Àǹtí mi, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i o."

"Kí lo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí?"

"Ẹ́kìsì. Láti àná ni mo ti ń wá a."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí i."

Mo sáré tọ ààfáà àdúgbò wa lọ kí ọ̀rọ̀ tó dé etí Bàbá. Ààfáà ní wọn kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó gbé agbádá wọ̀, ó mú tẹ̀súbáà, àwa méjèèjì di Mọ̀lété.

Ojú fèrèsé kíláàsì la ti yọjú. Àgbélébùú tó wà lójú pátákó ga ju Ràímì lọ. Tíṣà fi ọ̀pá tọ́ka sí àárín rẹ̀, àwọn ọmọ tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń gbàdúrà. Kí Ààfáà tó sọ pé ká fi sùúrù ṣe é, mo ti wọlé. Mo fa ìborùn yọ léjìká, mo nu nǹkan náà láti òkè délẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kún imú mi, mo ń sín. Ràímì ki orí bọ abẹ́ tábìlì.

"Ìyá," ni tíṣà wí, kò tilẹ̀ pariwo, "iṣẹ́ odindi àárọ̀ lẹ fi ìborùn nù yẹn."

"Ẹ dákun, ọmọ mùsùlùmí ni. Ẹ má sọ ọ́ di Fádà."

Ìgbà tí ẹ̀rín bẹ́, mo rò pé òrùlé ló já. Tíṣà nu omijé ẹ̀rín, ó yíjú sí Ààfáà. "Àsàlámù àlékùmù, Ààfáà. Bùsàrí lorúkọ tèmi, ọmọ Òkè Àrẹmọ. Mo kírun kí n tó wá síṣẹ́ láàárọ̀ yìí."

Ó wá ṣàlàyé fún wa pé Fọ́dà ni, kì í ṣe Fádà. Ìṣirò ni, èyí tó jinlẹ̀ ju èyí tí gbogbo ọmọ ń ṣe lọ. Ó ní ohun tí mo pè ní àgbélébùú, ọ̀nà méjì tó pàdé ni, bí ẹni ń júwe ilé: rìn síwájú tó báyìí, kí o yà sọ́tùn-ún tó báyìí. Ó ní òmíràn wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wá Ẹ́kìsì, nọ́ńbà tó fara pamọ́, tó ń jẹ́ áljẹ́bírà.

"Tún un pè," ni Ààfáà wí.

"Áljẹ́bírà."

"Al-jábùrù." Ojú Ààfáà là. "Lárúbáwá nìyẹn. Kí á to eegun tó ṣẹ́ padà ni."

"Àwọn mùsùlùmí ayé àtijọ́ ló fún un lórúkọ bẹ́ẹ̀, Ààfáà."

Tíṣà ní kí Ràímì jáde wá tún ohun tí mo nù kọ. Ọmọ náà jáde, kò wo ìwé kankan, ó kọ ọ́ kún pátákó láti etí dé etí. Tíṣà káwọ́ lẹ́yìn, kò rí ibì kan tún ṣe. Èmi tí mo wá mú un lọ sílé, mo gbàgbé pé ìtìjú ń pa mí. N ò mọ ohun tó kọ, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ tó ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ pé Ràímì ti di onígbàgbọ́ ti ṣáájú wa dé Bẹyẹrúnkà. Bàbá Àgbà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ránṣẹ́ pe télọ̀. Ààfáà ló gbà mí. "Ẹ̀gbọ́n, ìmọ̀ tó fi èdè Lárúbáwá jẹ́ orúkọ ni ọmọ yín ń kọ́." Bàbá ní kí télọ̀ máa lọ. Ó ní bí ilẹ̀kùn Bẹẹrẹ bá kún, kí Ràímì máa bọ̀ wá kọ ọ́ sára ti òun. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí ọmọ náà, ìbéèrè rẹ̀ nìyí: "Ṣé o ti rí Ẹ́kìsì?"

Ìborùn yẹn, n ò tètè fọ̀ ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ọjà'ba fi mí ṣẹ̀sín: "Ìyá ọlọ́ṣẹ, ìborùn rẹ dọ̀tí." Mo ní, "Kì í ṣe ìdọ̀tí. Fọ́dà Máàsì ni. Àbúrò mi ló ń ṣe é."

Nígbà tí àwọn ọmọ tèmi náà wọ iléèwé, mo sọ fún wọn pé: "Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ kọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Bí ẹ bá rí i tí mo mú kànrìnkàn, ẹ kọ́kọ́ tún orúkọ rẹ̀ pè fún mi dáadáa, nítorí etí ìyá yín máa ń sáré ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni n bá ṣe?